Ọjọ́ Mẹ́ta Lójú Ọ̀nà Oregon: Ohun Tí Dọ́là 585 Mi Rà

Awakọ̀ tírélà ni mí. Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti ń gbé ẹrù gba ojú títì I-80 kọjá ní Nebraska, lọ́sàn-án, lóru, nínú òjò, nínú yìnyín. Máìlì 455 ni ọ̀nà yẹn láti bodè dé bodè, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ débi pé oorun ni ọ̀tá àwa tí à ń wakọ̀ níbẹ̀. Odò Platte ń bá a lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Mi ò bi ara mi rí pé kí ló so ọ̀nà àti odò pọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá ni mo dúró jẹun nítòsí Kearney, mo ka pátákó kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù àti màlúù lọ sí Oregon àti California ló ń gba etí odò yẹn láti ọdún 1841. Odò ni wọ́n ń tẹ̀ lé, torí ibi tí omi bá wà ni koríko wà, koríko sì ni epo ọkọ̀ tiwọn.

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi mọ́. Bí mo bá ń wakọ̀, ìtàn wọn ni mò ń gbọ́. Bí mo bá délé, mo gba ilé ìkàwé lọ. Nígbà tó yá, mo ní àfi kí n lọ fi ẹsẹ̀ ara mi tẹ ọ̀nà náà. Mo wá rí tọkọtaya kan tí wọ́n máa ń kó èèyàn mẹ́rin-mẹ́rin lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, láti Scottsbluff ní Nebraska dé Òkúta Independence ní Wyoming. Dọ́là 585 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, oúnjẹ àti àgọ́ wà nínú rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn síbí, torí ìyìn àti ẹjọ́ ni mo ní láti rò, mi ò sì fẹ́ ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́. Àwọn mìíràn náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, ohun tí mo kọ yìí á jẹ́ kó mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi wọ́n kó tó sanwó.

Àárọ̀ ọjọ́ kìíní ni mo ti mọ̀ pé owó mi ò ṣòfò. A rò pé wọ́n á kó wa sínú ọkọ̀, ká máa lọ. Rárá o. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n kó wa lọ, níbi tí kẹ̀kẹ́ ẹrù kan dúró sí, tí wọ́n kàn bí ti ayé ọjọ́un: àpótí pákó tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, tó fẹ̀ tó mẹ́rin, aṣọ funfun tí wọ́n fi òróró pa kí òjò má bàa wọlé, àgbá kẹ̀kẹ́ onígi mẹ́rin tí wọ́n fi irin dè yíká, àti garawa ọ̀dà kékeré tó ń fì lábẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 53 ni tírélà tèmi gùn. Gbogbo ilẹ̀ inú kẹ̀kẹ́ náà kò tó ìdámẹ́wàá tírélà mi, ilé odindi ìdílé sì nìyẹn fún oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, fún ọ̀nà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000 máìlì.

Ìyàwó ilé náà wá kó àwọn àpótí síta, ó kọ ìwọ̀n sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní ìdílé kan ni wá, bàbá, ìyá, ọmọ méjì, ká di ẹrù wa. Ní 1845, ohun tí wọ́n ń gba àwọn arìnrìn-àjò níyànjú láti gbé fún àgbàlagbà kan ni ìyẹ̀fun 200 pọ́ún, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ 150, ṣúgà 20, kọfí 10, iyọ̀ 10. Ẹ ṣírò rẹ̀. Bàbá àti ìyá nìkan ti kó 780 pọ́ún, a ò tíì ka tọmọdé, a ò tíì ka ohun ìtúlẹ̀, irúgbìn, ibùsùn, ìbọn, ìkòkò, àgbá omi. Bẹ́ẹ̀ ohun tí kẹ̀kẹ́ lè gbé kí màlúù má bàa kú sọ́nà kò ju 2,000 sí 2,500 pọ́ún lọ.

Iṣẹ́ mi lèyí, àwọn yòókù sì tètè rí i. Mo ní kí wọ́n kó ìyẹ̀fun sísàlẹ̀, kí ẹrù wúwo wà láàárín, kí ohun tí a máa nílò lójoojúmọ́ wà lẹ́yìn. Màmá kan wà láàárín wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ó di aago ńlá onígi kan mú, ó ní òun ò ní fi sílẹ̀, ó ní èèyàn tó ń lọ síbi tí kò ní padà mọ́ yẹ kó ní ohun kan tó máa rán an létí ilé. Mo ní, “Mà, aago yìí tó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì fún ọmọ kékeré.” Ó wò mí títí. Ó gbé e sílẹ̀. Atọ́nà wa wá sọ fún wa pé ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ṣe gan-an nìyẹn, àmọ́ ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ṣe é. Ní 1849 àti 1850, nígbà tí góòlù California ti ya gbogbo ayé ní wèrè, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nítòsí Fort Laramie kún fún sítóòfù irin, àpótí aṣọ, àga, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n dà sílẹ̀ ní òkìtì-òkìtì. Ní ibi ìwọn ọkọ̀, bí tèmi bá kọjá 80,000 pọ́ún, ìtanràn ni wọ́n á kọ fún mi. Tiwọn, ọrùn màlúù ló ń san ìtanràn.

Ká ní ibẹ̀ ni ìrìn-àjò náà parí sí, ǹ bá ṣì sọ pé ó tọ́ sówó. Mo ti wọ ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó pọ̀, wọ́n á gbé nǹkan sẹ́yìn gíláàsì, èèyàn á wò, á kọjá. Ibi tí wọ́n bá ti ní kí o yan èyí tí wàá jù nù nínú ohun ìní rẹ, ibẹ̀ ni ìtàn ti máa ń wọ èèyàn lára.

Lẹ́yìn náà la rìn. Ọ̀dá akọ màlúù méjì ni wọ́n so àjàgà mọ́ lọ́rùn. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí kì í ṣe ẹṣin. Wọ́n ní màlúù ò wọ́n tó ẹṣin, ó lágbára jù ú, koríko tí ẹṣin ò ní fẹnu kàn ni màlúù máa jẹ, àwọn olè kò sì jẹ́ wá a bí wọ́n ṣe ń wá ẹṣin. Apá òsì màlúù ni awakọ̀ ti ń rìn, ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀, kò sí ìjánu lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn nìkan: “gee” fún ọ̀tún, “haw” fún òsì. Wọ́n jẹ́ kí n ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pe “haw”, màlúù ò dá mi lóhùn. Nígbà tí mo dín ohùn mi kù, tí mo pè é bí ẹni tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, ó yà.

Máìlì márùn-ún la rìn gba ilẹ̀ oko kan kọjá, ó sì gbà wá ní wákàtí mẹ́ta pẹ̀lú ìsinmi. Máìlì 15 ni wọ́n ń rìn lóòjọ́ nígbà náà. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni tèmi fi ń rìn ín. Nínú fíìmù, orí kẹ̀kẹ́ ni gbogbo èèyàn ń jókòó sí; irọ́ ni. Kẹ̀kẹ́ náà ò ní sípíríǹgì kankan, gbogbo òkúta tó bá gun, egungun ìdí rẹ á gbọ́ sí i. Mo gbìyànjú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rin ọ̀nà Oregon, ọkùnrin, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Aláìsàn, aboyún tó ti súnmọ́ àti ìkókó ló ń wà nínú kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ náà ń mì tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi máa ń so garawa wàrà kọ́ ọ láàárọ̀, tó bá fi máa di alẹ́, bọ́tà ti yọ sójú rẹ̀.

Láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti gbé wa lọ wo Chimney Rock. Òkúta gíga tó nàró bí òpó ni, ó gbajúmọ̀, òun ni wọ́n kọ sínú ìwé ìrántí wọn jù láàárín gbogbo ohun tí wọ́n rí lọ́nà. Ó dára. Ìṣẹ́jú ogún tó.

Ibi tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá lọ dúró sí ni ibojì Rebecca Winters, ní ìlà-oòrùn Scottsbluff, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Àádọ́ta ọdún ni obìnrin yìí nígbà tí àrùn onígbáméjì pa á ní oṣù kẹjọ ọdún 1852. Àrùn yẹn ló pa èèyàn jù lọ lọ́nà láàárín 1849 sí 1852: omi ẹlẹ́gbin ni wọ́n ń mu, ibi tí àwọn tó ṣáájú ti pàgọ́, tí wọ́n ti yàgbẹ́, ni àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ń pọnmi. Ara èèyàn lè le láàárọ̀, kí wọ́n sì ti gbẹ́ ilẹ̀ fún un lálẹ́. Púpọ̀ nínú wọn kò ní àmì kankan lórí ibojì wọn. Kí wọ́n má bàa gbàgbé ti Rebecca, ẹnì kan mú irin tí wọ́n fi ń de àgbá kẹ̀kẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì gbẹ́ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ orí rẹ̀ sí i lára. Irin náà ò jẹrà. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, àwọn tó ń wọnlẹ̀ fún ojú irin débẹ̀, wọ́n rí i, wọ́n sì yí ìlà wọn padà kí ọkọ̀ má bàa gba orí òkú kọjá. Ní 1995 ni wọ́n wá sún ibojì náà síwájú díẹ̀ torí ewu ọkọ̀ ojú irin fún àwọn tó ń wá bẹ̀ ẹ́ wò.

Mo fọwọ́ kan irin yẹn. Mo ti pààrọ̀ táyà lójú ọ̀nà láìmọye ìgbà, mo mọ ohun tó túmọ̀ sí kí èèyàn yọ irin kúrò lára àgbá kẹ̀kẹ́ níbi tí kò ti sí alágbẹ̀dẹ, tí ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún máìlì ṣì wà níwájú. Wọ́n yọ ọ́ fún òkú. Atọ́nà wa ṣe dáadáa níbẹ̀: ó sọ ìtàn náà ní ṣókí, ó dákẹ́, ó rìn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

Oúnjẹ ńkọ́? Ẹ̀wà, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀, búrẹ́dì tí wọ́n yan nínú ìkòkò irin tí wọ́n kó ẹ̀yinná lé lórí, kọfí dúdú. Ẹ̀wà dára gan-an. Ẹran náà níyọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó rí torí iyọ̀ ló ń tọ́jú ẹran nígbà náà, àmọ́ kí wọ́n fún wa lómi sí i. Ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ ni wọ́n fi dáná, dípò ìgbẹ́ ẹfọ̀n tí àwọn obìnrin àti ọmọdé máa ń ṣà sínú aṣọ ìgbàyà ní pápá tí kò ní igi kan. Kò rùn. Ó ń jó wọ̀ọ̀, ó sì ń tètè tán, ọmọ ọlọ́dún mẹ́wàá kan nínú wa ló ń sáré ṣà á kiri.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n sọ ìtàn ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò Donner létí iná. Èèyàn 87, ní 1846. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lansford Hastings ti polongo ọ̀nà àbùjá kan tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì kó kẹ̀kẹ́ gbà nígbà tó ń polongo rẹ̀. Wọ́n gbà á gbọ́. Aṣálẹ̀ iyọ̀ pa màlúù wọn, òkè gbà wọ́n lákòókò, yìnyín sì ká wọn mọ́ orí òkè Sierra Nevada títí oúnjẹ fi tán. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì wọn ni kò sọ̀ kalẹ̀ láàyè. Àwọn àgbà ní kò sábùjá lọ́rùn ọ̀pẹ, ibi téèyàn bá gbà gùn ún náà ló máa gbà sọ̀. Èmi náà ti tẹ̀ lé máápù inú fóònù wọ ọ̀nà tí afárá rẹ̀ kò lè gbé tírélà mi. Mo fi ẹ̀yìn wakọ̀ padà fún wákàtí kan. Èmi ní ibi tí mo lè padà sí.

Ọjọ́ kejì la dé Fort Laramie. Ilé ìṣòwò awọ ẹran ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ síbẹ̀ ní 1834, ìjọba rà á fún àwọn ọmọ ogun ní 1849. Àwọn ilé náà wà ní mímọ́, àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀ sì mọ iṣẹ́ wọn. Àmọ́ ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní ẹjọ́ pẹ̀lú atọ́nà wa. Láti àárọ̀ ọjọ́ kìíní ló ti ń sọ pé “ilẹ̀ òfìfo” ni wọ́n gbà kọjá. Ilẹ̀ wo ló ṣófo? Ilẹ̀ àwọn Pawnee ni, ilẹ̀ Lakota, Cheyenne, Arapaho, Shoshone. Àwọn onílẹ̀ yìí ló ń fi ọ̀nà hàn wọ́n, ló ń bá wọn mú màlúù la odò já, ló ń ta ẹran àti bàtà awọ fún wọn. Àwọn òpìtàn ti kà á: láàárín 1840 sí 1860, àwọn arìnrìn-àjò tí àwọn onílẹ̀ pa lé díẹ̀ ní 360; àwọn onílẹ̀ tí àwọn arìnrìn-àjò pa lé ní 420. Onígbáméjì, odò, àti ìbọn ara wọn tó ń yìn lójijì pa wọ́n ju ọfà lọ.

Atọ́nà náà kò sọ ìyẹn. Ó sọ̀rọ̀ Àdéhùn 1851, pé ìjọba Amẹ́ríkà àti àwọn onílẹ̀ jọ bu ọwọ́ lù ú kí àwọn arìnrìn-àjò lè kọjá ní àlàáfíà. Kò sọ ibi tó kù. Dọ́là 50,000 lọ́dọọdún fún àádọ́ta ọdún ni wọ́n ṣèlérí fún àwọn onílẹ̀. Nígbà tí ìwé dé iwájú àwọn aṣòfin àgbà ní Washington, wọ́n gé àádọ́ta sí mẹ́wàá. Koríko ti tán létí odò, ẹfọ̀n ti sá kúrò lójú ọ̀nà, igi ti di iná. Bí ẹni tó ni ẹrù bá yí iye owó padà lẹ́yìn tí mo ti já ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, mo mọ orúkọ tí à ń pè é láàárín àwa awakọ̀. Ẹni tó bá gba dọ́là 585 lọ́wọ́ èèyàn láti sọ ìtàn ọ̀nà yẹ kó sọ èyí náà.

Láti ibẹ̀, Guernsey. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara balẹ̀ níbí. Níwọ̀n máìlì kan sí gúúsù ìlú náà, odò North Platte wà lápá kan, òkè wà lápá kejì, kò síbi tí kẹ̀kẹ́ lè gbà ju orí òkúta yanrìn kan lọ. Ojú kan náà ni gbogbo wọn gbà, lọ́dọọdún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Irin àgbá kẹ̀kẹ́ àti pátákò màlúù jẹ òkúta náà wọlé títí ó fi di kòtò. Níbòmíràn ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Mo dúró sínú rẹ̀, etí rẹ̀ ga dé àyà mi. Mo na ọwọ́ méjèèjì, mo fọwọ́ ra ògiri rẹ̀. Ó dán. Nísàlẹ̀ pátápátá, ipa àgbá kẹ̀kẹ́ méjì ṣì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a lè gbé ẹsẹ̀ kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo ti gbọ́ iye wọn tẹ́lẹ̀: láàárín 300,000 sí 500,000 èèyàn ló gba àwọn ọ̀nà wọ̀nyí kọjá kí ojú irin tó so ìlà-oòrùn pọ̀ mọ́ ìwọ̀-oòrùn ní 1869. Iye ni mo kà ún sí. Nínú kòtò yẹn ni mo ti rí i. Òkúta kò jẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹnì kan kọjá, ó ha díẹ̀ kúrò. Òmíràn kọjá. Mo jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi wá pè mí sọ́kọ̀. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ezra Meeker, ó gba ọ̀nà náà lọ ní 1852 nígbà ọ̀dọ́, ó sì tún so màlúù mọ́ kẹ̀kẹ́ ní 1906, ẹni ọdún 75, ó gbà á padà sí ìlà-oòrùn, ó ń ri òkúta ìrántí mọ́lẹ̀ lọ kí àwọn àgbẹ̀ má bàa túlẹ̀ pa ojú ọ̀nà rẹ́. Ó yé mi.

Register Cliff kò jìnnà síbẹ̀, ògiri òkúta tí wọ́n gbẹ́ orúkọ wọn sí ni. Orúkọ àwọn tó wá lẹ́yìn pọ̀ lórí rẹ̀ báyìí, àwọn tí kò sí ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ kọ nǹkan síbẹ̀. Ó dùn mí láti rí i.

Alẹ́ ọjọ́ kejì ni mo bi atọ́nà wa pé, nínú gbogbo ìtàn tó ti sọ láti àná tí a ti gbéra, èèyàn dúdú kan ò sí nínú rẹ̀, ṣé kò sí níbẹ̀ ni? Ó ní, “Wọ́n wà, àmọ́ wọn ò pọ̀.” Ó fẹ́ lọ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo ní kó jọ̀ọ́ dúró.

Mo sọ ti Hiram Young fún wọn. Ẹrú ni wọ́n bí i, ó fi iṣẹ́ ọwọ́ ra ara rẹ̀ padà, ó sì dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Independence, Missouri, ìlú tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń gbéra. Kẹ̀kẹ́ ẹrù ló ń kàn, ó sì ń gbẹ́ àjàgà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́dọọdún. Àjàgà tí gbogbo wa ti ń yà fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ kìíní, ọwọ́ dúdú ló gbẹ́ irú rẹ̀ tó pọ̀. Mo sọ ti George Washington Bush, tó kó aya àti ọmọ lọ sí Oregon ní 1844, tó fi owó ara rẹ̀ ran àwọn ẹlẹgbẹ́ ìrìn rẹ̀ lọ́wọ́. Kí wọ́n tó débẹ̀, wọ́n ti ṣòfin pé kí èèyàn dúdú máa kúrò ní Oregon, ẹni tó bá kọ̀, ẹgba. Wọ́n yọ ẹgba kúrò lẹ́yìn náà, wọn ò yọ kíkúrò. Ló bá la odò Columbia kọjá sí àríwá, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ funfun sì bá a lọ. Ní 1852 tí ọkà wọ́n, wọ́n fẹ́ fi owó ńlá ra ti oko rẹ̀, ó kọ̀, ó pín in fún àwọn aládùúgbò àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó di 1855 kí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà tó ṣe òfin àkànṣe kí ilẹ̀ tó ti ń ro lè jẹ́ tirẹ̀.

Mo sọ ti Biddy Mason. Ní 1848, olówó rẹ̀ kó ẹbí lọ láti Mississippi sí Utah. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni Biddy ń rìn, ó ń da ẹran, ó ń wá oúnjẹ, ó ń gbẹ̀bí fún àwọn obìnrin lójú ọ̀nà, ọmọ ọwọ́ wà lẹ́yìn òun náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú un dé California, ibi tí òfin kò ti gba kí èèyàn ní ẹrú, ó sì gba òmìnira rẹ̀ àti tàwọn ọmọ rẹ̀ nílé ẹjọ́ ní 1856. Ó di agbẹ̀bí tí gbogbo Los Angeles mọ̀, ó ra ilẹ̀, ó là. Clara Brown gba ọ̀nà mìíràn lọ sí Denver ní 1859, ó ń dáná fún àwọn tó ní kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn púpọ̀ nínú rẹ̀. Ó ṣe alágbàfọ̀, ó tọ́jú owó, ó ń wá ọmọbìnrin rẹ̀ tí wọ́n ti tà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lé ní ogójì ọdún kó tó rí i, ní 1882, ní Iowa.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Olùkọ́ tó gbé aago sílẹ̀ yẹn ń nu ojú. Ìyàwó atọ́nà lọ mú ìwé wá, ó ní kí n tún orúkọ wọn pè, ó ń kọ ọ́. Ọkọ rẹ̀ ní òun dúpẹ́. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ mo kọ ọ́ síbí torí oníbàárà ni mí, mi ò yẹ kí n jẹ́ olùkọ́ ní àgọ́ tí mo sanwó wọ̀. Ẹni tó ń rìn torí pé ó fẹ́ ilẹ̀, àti ẹni tó ń rìn torí pé olówó rẹ̀ ní kó máa lọ, ojú ọ̀nà kan náà ni ẹsẹ̀ wọn jẹ. Kòtò Guernsey kò ya ipa ẹsẹ̀ Biddy sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹlòmíràn tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló gbà.

Ọjọ́ kẹta kò dára tó. Wọ́n gbéra pẹ́ ní Casper, a dé Òkúta Independence ní aago méjì ọ̀sán, oòrùn ń jó, omi inú ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Akọ òkúta ràgàjì ni, ó sùn sílẹ̀ bí ẹranko tó jẹun yó. Ohun tí wọ́n ń lé ni pé kí wọ́n débẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje. Ẹni tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, yìnyín á bá a lórí òkè. Orúkọ wọn wà lórí rẹ̀ káàkiri. Ìṣẹ́jú 45 ni wọ́n fún wa. Kò tó. Ó yẹ kó jẹ́ wákàtí mẹ́ta, ní àárọ̀.

Ibi tó dùn mí jù ni Martin's Cove, tí kò ju máìlì díẹ̀ lọ sí ibẹ̀. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ti nawọ́ sí i. Ní 1856, àwọn ẹlẹ́sìn Mormon tí kò lówó màlúù fi ọmọlanke kó ẹrù wọn, ọkùnrin ń fà níwájú, obìnrin ń tì lẹ́yìn. Ẹgbẹ́ Willie àti ẹgbẹ́ Martin gbéra pẹ́, yìnyín oṣù kẹwàá bá wọn ní Wyoming, kọ̀rọ̀ òkè yìí ni ẹgbẹ́ Martin sá sí, ó lé ní 200 nínú ẹgbẹ́ méjèèjì tó kú. Kí èèyàn rìn dé ẹ̀gbẹ́ irú ibẹ̀, kó má sọ̀ kalẹ̀? Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní àkókò ò sí mọ́.

Nígbà tí a padà dé, wọ́n tún béèrè dọ́là 45 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan fún ìtọ́jú màlúù, ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa ṣáájú. Mo san án, àwọn màlúù náà ṣiṣẹ́. Kí wọ́n ti kọ ọ́ sínú iye owó láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo sọ fún wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, bàtà tí ẹsẹ̀ rẹ ti mọ̀ ni kó o wọ̀, má ra tuntun nítorí rẹ̀. Mú fìlà, mú omi tìrẹ, gálọ́ọ̀nù kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Bi wọ́n kó o tó sanwó bóyá wọ́n máa ń sọ̀ kalẹ̀ ní Martin's Cove, bóyá wọ́n máa ń sọ ti àwọn onílẹ̀, bóyá wọ́n mọ Hiram Young. Fún ìdí ẹrù, ìrìn, ibojì Rebecca àti Guernsey, ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn.

Mo ti san owó èmi àti ọmọbìnrin mi fún oṣù kẹfà tó ń bọ̀, lọ́dọ̀ tọkọtaya kan náà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Wọ́n ti ṣèlérí pé àárọ̀ kùtùkùtù la máa dé Òkúta Independence, a ó sì rìn wọ Martin's Cove. Mo ti sọ fún un pé òun ló máa di ẹrù lọ́tẹ̀ yìí. Ó ti ń bi mí ní alaalẹ́ bóyá aago yẹn ṣì wà níbẹ̀.